Bí A Bá Tọ Odò Ògùnpa Lọ

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ ìlú Ìbàdàn láti òkè. Ẹ ti dúró lẹ́bàá Gbọ̀ngàn Màpó tí a ṣí ní ọdún 1929, ẹ sì ti rí bí àwọn òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ láti orí òkè kan dé orí òkè kejì. Ẹ ti gbé ojú sókè wo Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí a ṣí ní ọdún 1965. Bí àlejò bá dé bá wa, irú ibi gíga bẹ́ẹ̀ ni a máa ń mú un lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù yìí, ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ lọ. Mo fẹ́ kí a tọ odò Ògùnpa láti ìhà àríwá ìlú títí dé ibi tí ó ti ń fi àárín ìgboro sílẹ̀, kí a sì yà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn lọ wo Eléyẹlé àti Apẹ̀tẹ̀. Ẹni tí ó bá wo Ìbàdàn láti òkè, ẹwà rẹ̀ ni yóò rí. Ẹni tí ó bá tọ omi rẹ̀ lọ ni yóò mọ ohun tí ó ń dẹ́rù bà á.

Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa bi ara yín léèrè ohun tí ó kan olùkọ́ ìtọ́jú ilé nínú ọ̀rọ̀ odò àti afárá. Ìdáhùn mi kò gùn: nígbà tí omi bá kún, ilé ni ó ń wọ̀. Yàrá ìdáná àti yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá jókòó láti ṣe ètò bí ìlú yóò ṣe fara da àyípadà ojú-ọjọ́, ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n ń sọ, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ibi tí odò ti kéré

Ní agbègbè Àṣí, níhà àríwá ìlú, ni Ògùnpa ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ ní oṣù Kejì, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, ẹ lè fo odò náà kọjá kí etí ìró yín má sì tutù. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò pè é ní gọ́tà lásán. Kì í ṣe òun nìkan ni odò Ìbàdàn. Kúdẹtì wà, Ògbèrè wà níhà ìlà-oòrùn, odò Ọ̀nà sì wà níhà ìwọ̀-oòrùn. Àwọn odò wọ̀nyí àti àwọn ọmọ wọn ni ó gba gbogbo àfonífojì tí ó wà láàrin àwọn òkè ìlú náà.

Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí ọdún 1829, orí òkè ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n lè máa rí ọ̀tá lókèèrè. Bí ogun ti parí tí èrò sì ń pọ̀ sí i, ilé bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ó sì ti ẹ̀gbẹ́ òkè dé etí omi. Lónìí, a gbà pé èrò Ìbàdàn ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ilẹ̀ etí odò ni ó rọjú jù lọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, yálà láti rà tàbí láti yá ilé gbé. Ẹ má ṣe sọ pé aláìmòye ni àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ibi tí agbára wọn mọ ni wọ́n gbé dúró sí.

Agodi, níbi tí ó ti bínú

Láti Àṣí, omi náà ń ṣàn wá sí Agodi, níbi tí adágún kan wà láàrin ọgbà ìgbafẹ́ tí ọ̀pọ̀ yín ti mú àwọn ọmọ yín lọ. Ibẹ̀ tutù, ìbòòji pọ̀, àwọn ẹyẹ sì ń kọrin. Ẹ lè jókòó níbẹ̀ jẹ oúnjẹ ọ̀sán tí ẹ gbé láti ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń jẹun, ẹ rántí pé ọgbà yìí gan-an wà lára ohun tí odò náà bàjẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ọgbà ẹranko ni ó jẹ́ nígbà náà. Ọdún 2014 ni a tó tún un ṣe tí a sì ṣí i padà fún àwọn ènìyàn.

Omíyalé ni àwọn ará Ìbàdàn ń pe ọjọ́ náà, orúkọ náà kò sì tí ì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Odò tí ènìyàn lè fò kọjá ní oṣù Kejì kún bo ibùsùn rẹ̀, ó gba àárín ìlú kọjá, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti kún ní 1963, ó sì ti kún ní 1978, kí ti 1980 tó wá ju gbogbo wọn lọ. Odò tí ó bá ti kún lẹ́ẹ̀mẹta lójú ènìyàn, ó ti sọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ìtàn yìí ni ó mú kí ìjọba wá fi kọnkéré kọ́ ojúṣàn fún Ògùnpa, iṣẹ́ tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dé ibi tí ó dé.

Dùgbẹ̀ àti ọjà Ògùnpa

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ lọ sí àárín ọjà. Níhìn-ín ni ẹ óò ti rí ojúṣàn kọnkéré náà dáadáa, tí ó jìn, tí ògiri rẹ̀ sì dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ẹ bá wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ óò rí omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀, ẹ óò sì máa rò pé kí ni wọ́n ń fi gbogbo àyè yìí ṣe. Ẹ óò rí ọ̀rá omi, ike, àkísà, èèpo ìṣáná àti èérún oúnjẹ tí ẹnì kan dà sílẹ̀ lókè ibẹ̀ láàárọ̀. Ojúṣàn tí a fi owó ńlá kọ́ yìí, ìdọ̀tí àti ẹrẹ̀ lè sọ ọ́ di ìdajì ohun tí ó jẹ́ láàrin ọdún díẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mo ti bá ìyá kan tí ó ń ta ike àti abọ́ sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Ẹ kú ọjà o, Mà. Ajé á wọ igbá.”

“Àṣẹ, ìyàwó wa. Ẹ yà wá rajà.”

Nígbà tí mo ti ra abọ́ méjì, mo bi í léèrè pé, “Ìyá, ṣé ẹ̀rù òjò kì í bà yín níbi tí ẹ wà yìí?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó ń bà mí, ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ebi ń bà mí ju ti òjò lọ. Òjò kì í rọ̀ lójoojúmọ́. Ojoojúmọ́ ni a máa ń jẹun.”

“Bí ìjọba bá wá ní kí ẹ kúrò níbí ńkọ́, Mà?”

“Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ibi tí mo máa pa àtẹ sí hàn mí, kí ibẹ̀ má sì jìnnà sí ibi tí àwọn oníbàárà mi mọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe ìyẹn, èmi fúnra mi ni màá ru igbá mi.”

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyá yìí sí ọkàn, nítorí pé a óò padà sórí rẹ̀.

Ìṣirò kan tí ìyàwó ilé lè ṣe

Láti Dùgbẹ̀, odò náà ń kọjá lọ sí ìhà Òkè-Bọ́là, Òkè-Àdó àti Mọ́lẹ́tẹ̀, láàrin ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí ó fara kan ara wọn. Bí ẹ bá dúró lórí afárá ní ìhà Mọ́lẹ́tẹ̀ tí ẹ sì wo ẹ̀yìn yín sókè, ẹ óò rí i pé gbogbo òkè tí ẹ ti kọjá ni ó dorí kọ ibi tí ẹ dúró sí. Gbogbo òrùlé, gbogbo àgbàlá, gbogbo títì, omi wọn ń bọ̀ wá síbí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò kan rọ̀ ní Ìbàdàn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 187.5. Bí omi náà bá dúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú láìṣàn lọ, yóò jìn tó gígùn ọwọ́ àgbàlagbà láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín. Ẹ lè sọ pé ìyẹn kò pọ̀. Ó dára, ẹ mú òrùlé ilé kékeré kan tí ó jẹ́ mítà 10 ní gígùn àti mítà 10 ní ìbú. Omi tí ó bọ́ sórí òrùlé kan ṣoṣo yẹn ní ọjọ́ náà jẹ́ lítà 18,750. Bí a bá fi kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 gbè é, kẹ́ẹ̀gì 750 ni yóò kún. Òrùlé kan ni mo wí. Ẹ wá ka iye òrùlé tí ẹ rí láti Màpó.

Ní ibi tí igbó bá wà, ewé yóò gba díẹ̀ nínú omi náà, gbòǹgbò àti ilẹ̀ yóò mu púpọ̀, ìyókù yóò sì rọra máa wọ́ lọ sí odò. Ṣùgbọ́n páànù kì í mu omi. Sìmẹ́ǹtì tí a tẹ́ sí àgbàlá láti ògiri dé ògiri kì í mu omi. Kẹ́ẹ̀gì 750 tí ó bọ́ sórí òrùlé ni yóò jáde sí títì, lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ti aládùúgbò àti ti aládùúgbò aládùúgbò. Èyí ni ó fi jẹ́ pé òjò tí kò pa ẹnikẹ́ni láyé àwọn baba wa lè pa ènìyàn lónìí.

Ojú-ọjọ́ fúnra rẹ̀ sì ti yí padà. Èéfín epo, èédú àti gáàsì tí ayé ti ń sun láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé ti mú kí afẹ́fẹ́ gbóná. Ọdún 2024 ni ó gbóná jù lọ nínú gbogbo ọdún tí a ti ń wọn ìgbóná ayé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná dà bí aṣọ ìnura tí ó nípọn: ó ń fa omi mu púpọ̀, nígbà tí a bá sì fún un, omi tí ó ń dà sílẹ̀ pọ̀ ju ti aṣọ fẹ́lẹ́ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, ó lè gbé oòru omi tí ó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà, òjò líle yóò túbọ̀ máa le sí i. Ojúṣàn tí a wọ̀n fún òjò àná lè má gba òjò ọ̀la.

Eléyẹlé àti Apẹ̀tẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Adágún Eléyẹlé lẹ́wà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ óò rí apẹja nínú ọkọ̀ kékeré, ẹ óò sì rí oòrùn bí ó ti ń wọ̀ lójú omi. Ní ọdún 1942 ni a dí odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí ìlú lè rí omi mu. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn ní 2011, omi tí ó dé ibẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ìdídò náà lè gbà lọ. Afárá Apẹ̀tẹ̀ wó, ó sì gé àwọn ará ibẹ̀ kúrò lára ìgboro. Ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, omi gbé ẹja inú adágún ìsìn-ẹja lọ, ó sì wọ ọgbà ẹranko. Ìgbà yìí pẹ̀lú, àwọn tí ó kú ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 1980, Ògùnpa ni ó pa wá, a sì ná owó lé Ògùnpa. Ní 2011, ìhà odò Ọ̀nà àti àwọn odò tí ó ń bọ́ sínú rẹ̀ ni ẹkún ti pọ̀. Ẹni tí ó bá dí ihò kan lára agbọ̀n, ibi ihò yòókù ni èlùbọ́ yóò máa gbà jò. A kò lè tún ìlú ṣe ní odò kọ̀ọ̀kan. Ìbàdàn ní ìjọba ìbílẹ̀ 11 nínú 33 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Odò kan lè gba inú mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn kọjá, kò sì mọ ibi tí ààlà wọn wà. Ìdí nìyí tí ètò yìí fi gbọ́dọ̀ wá láti ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ẹni tí ó lè wo gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí ètò náà jẹ́

Lẹ́yìn omíyalé 2011, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lábẹ́ Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí, tọ Ilé-Ìfowópamọ́ Àgbáyé lọ. Ní ọdún 2014, ilé-ìfowópamọ́ náà fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdáàbòbò Ìbàdàn lọ́wọ́ ìkún-omi. Nínú rẹ̀ ni a ti ṣe àtúnṣe ìdídò Eléyẹlé, tí a kọ́ afárá àti ojúṣàn sí oríṣiríṣi àdúgbò, tí a sì ya àwòrán ètò ńlá fún ìlú: ọ̀kan fún omi àti gọ́tà, ọ̀kan fún ìdọ̀tí, ọ̀kan fún bí ìlú fúnra rẹ̀ yóò ṣe máa gbòòrò. Owó yìí kì í ṣe ọrẹ o. Àwíìn ni, àwọn ọmọ tí a ń tọ́ lónìí ni yóò san nínú rẹ̀. Nítorí náà, ó tọ́ kí ìyá wọn bèèrè ohun tí a fi í rà.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan kọ́ ni ó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí àyípadà ojú-ọjọ́, ọdún kan náà ni Èkó, tí ẹ̀rù òkun àti ọ̀sà ń bà, gbé ètò tirẹ̀ jáde. Ní ọdọọdún ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń wo ojú-ọjọ́ máa ń sọ bí òjò ọdún náà yóò ṣe rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tí àwọn tí ń wo odò sì máa ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè yọ lẹ́nu. Ìwé wọ̀nyí wà. Síbẹ̀, ní ọdún 2022, ènìyàn tí ó ju 600 lọ ni ìkún-omi pa ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Àlàù já ní ìtòsí Màídúgùrì, omi sì wọ apá púpọ̀ nínú ìlú náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ètò owó ilé mọ ibi tí mo ń lọ. Kí ọkọ àti ìyàwó kọ iye owó oúnjẹ, owó ilé-ìwé àti owó ilé sínú ìwé, ìyẹn kò tí ì di oúnjẹ lórí tábìlì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sí ọjà. Ètò ìjọba náà bẹ́ẹ̀ ni. Ó dé ibi tí àwòrán lè dé. Láti ibẹ̀ sí àgbàlá ilé wa, ẹnì kan gbọ́dọ̀ rìn ín.

Ìbéèrè mẹ́ta fún ìjọba

Bí àwọn aṣojú ìjọba bá wá sí àdúgbò yín nípa ètò yìí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: ta ni yóò sọ fún wa pé omi ń bọ̀, báwo ni yóò sì ṣe sọ ọ́? Ìròyìn tí ó wà nínú ìwé ní ọ́fíìsì kò lè jí ẹni tí ó ń sùn. Ṣé agogo ni, ṣé gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ni, ṣé ìpè orí fóònù ni? Ta ni yóò kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà tí etí rẹ̀ ti wúwo?

Èkejì: níbo ni a óò sá lọ? Ilé-ẹ̀kọ́ wo, gbọ̀ngàn wo ni ó wà lókè, ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní agogo méjì òru? Ṣé omi mímu wà níbẹ̀, ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí obìnrin àti ọmọbìnrin lè lò láìbẹ̀rù wà níbẹ̀?

Ẹ̀kẹta: níbo ni ẹni tí a bá lé kúrò létí odò yóò máa gbé? Ọ̀rọ̀ ìyá oníke ti Ògùnpa nìyí. Fífi ọ̀dà pupa kọ àmì sí ara ògiri kì í ṣòro. Bí wọ́n bá wó ilé tálákà létí odò kan láìfi ibòmíràn hàn án, etí odò mìíràn ni yóò lọ kọ́ ọ sí, ewu náà yóò sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Mo gbà pé kí àyè odò wà fún odò. Kò sí bí ìlú ṣe lè bọ́ nínú ìkún-omi láìṣe èyí. Ṣùgbọ́n ètò tí ó bá mọ ibi tí omi yóò gbà, tí kò mọ ibi tí ènìyàn yóò gbé, ìdajì ètò ni.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan sí i lórí ìpàdé. Àwọn onílé ni a sábà máa ń pè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó háyà yàrá ìsàlẹ̀ ni omi ń kọ́kọ́ bá, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Bí a bá fi ìpàdé sí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, a ti fi ọgbọ́n sọ pé a kò fẹ́ kí obìnrin wá. Láti ayébáyé ni Ìbàdàn ti ní Ìyálóde tí ń gbẹnu sọ fún obìnrin níwájú ìgbìmọ̀. Ẹ lo ẹgbẹ́ yín, ẹ lo ìyálọ́jà yín, ẹ ní kí a fi ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́, kí a sì ka ètò náà ní èdè tí a gbọ́.

Ìpín ti wa nínú ilé

Bí ìjọba bá ti ń ṣe tirẹ̀, ilé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, òjò kò sì ní dúró dè wá. Kí oṣù Kẹrin tó parí, ẹ kó ìwé ilé, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, káàdì àjẹsára àti owó díẹ̀ sínú ọ̀rá méjì tí ó ki, kí ẹ so ó, kí ẹ sì gbé e sí ibi gíga tí gbogbo ará ilé mọ̀. Ẹ gbé àpò gaàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà kúrò nílẹ̀ lọ sórí àga tàbí pẹpẹ. Ẹ fi ọ̀nà tí ó lọ sí òkè han àwọn ọmọ, kí ẹ sì rìn ín pẹ̀lú wọn nígbà tí oòrùn ń ràn. Ẹ gbẹ́ gọ́tà iwájú ilé yín, kí ẹ kó ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí pé ẹrẹ̀ tí a kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ ni yóò dá a padà. Ẹ fi apá kan àgbàlá sílẹ̀ láìfi sìmẹ́ǹtì bò ó. Ẹ gbin ewédú tàbí ewúro síbẹ̀. Yóò bọ́ yín, yóò sì mu nínú kẹ́ẹ̀gì 750 yẹn.

Bí omi bá ń bọ̀, ẹ pa iná mànàmáná láti orísun rẹ̀. Ẹ má ṣe rìn gba inú omi tí ń sáré. Èyí tí kò ju kókósẹ̀ lọ díẹ̀ lè gbé àgbàlagbà ṣubú, àwọn ọmọ ni ó sì ń kọ́kọ́ gbé. Lẹ́yìn tí omi bá fà, ẹ da gbogbo oúnjẹ tí ó kàn nù, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó, nítorí pé omi náà ti gba inú ṣalángá kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má ṣe mu omi kànga tí ìkún-omi wọ̀ títí a ó fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ se gbogbo omi mímu kí ó hó dáadáa. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fi ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé ojú rẹ̀ àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ sínú lítà kan omi mímọ́, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé onígbáméjì kì í fúnni láàyè.

Bí ẹ bá fẹ́ rin ìrìn-àjò yìí fúnra yín, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ rìn ín. Ẹ kọ́kọ́ lọ ní oṣù Kejì, kí ẹ rí bí odò ti kéré tó. Ẹ tún lọ ní oṣù Kẹfà, ní ọjọ́ kejì òjò ńlá, kí ẹ dúró sórí afárá kan náà, ní ibi tí kò léwu, kí ẹ wo ibi tí omi dé lára ògiri. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání. Ẹni tí kò bá sí ní Ìbàdàn, kí ó wá odò ti ìlú tirẹ̀. Kò sí ìlú wa kan tí kò ní Ògùnpa tirẹ̀, orúkọ lásán ni ó yàtọ̀. Kí òjò ọdún yìí tó dé, ẹ mọ orúkọ odò tí ó sún mọ́ yín jù lọ, ẹ mọ ibi tí ó ti ń bọ̀, ẹ mọ ibi tí ó ń lọ, kí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ óò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ó bá kún.